Odò Ọya àti Ìsédò Kainji: Ohun Tí Ó Fún Wa àti Ohun Tí Ó Gbà

Kò sí ẹni tí ó ka ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní bá orúkọ Odò Ọya pàdé. Òun ni ó jẹ́ ààlà láàárín Ọ̀yọ́ àtijọ́ àti ilẹ̀ Tápà ní ìhà àríwá. Òun ni àwọn baba wa so orúkọ rẹ̀ mọ́ orúkọ aya Ṣàngó. Òun náà sì ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Niger, láti inú èyí tí orúkọ Nàìjíríà ti jáde. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kì í ṣe ìtàn ogun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn oyè. Ìtàn bí a ti sé odò ńlá náà ní Kainji ní ọdún 1968 ni, àti ohun tí ìsédò náà fún wa, àti ohun tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé etí odò. Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ ìtàn yìí ní àmọ̀dájú, nítorí pé iná tí ó ti ibẹ̀ wá tàn ní Òṣogbo, ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ṣùgbọ́n ilé àwọn ẹlòmíràn ni omi bò kí iná náà tó tàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní òkè Jẹ́bà, ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, Odò Ọya kì í ṣàn jẹ́ẹ́ ní ayé àtijọ́. Àpáta pọ̀ nínú rẹ̀, omi a sì máa fi ipá gba àárín àwọn àpáta náà kọjá pẹ̀lú ariwo. Nítòsí ibẹ̀ ni Búsà wà, ìlú ọba àtijọ́, tí àwọn ará ibẹ̀ gbà pé láti ọ̀dọ̀ Kisra tí ó ti ìhà ìlà-oòrùn wá ni àwọn ọba wọn ti ṣẹ̀. Ìtàn àwa náà kan ilẹ̀ Ìbàrìbá. Alùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ fún wa pé ọba Ìbàrìbá ni ó fi oògùn sí ara òjòlá fún Ọ̀rànmíyàn, tí ó sì ní kí ó máa tẹ̀ lé e. Ibi tí ejò náà bá gbé dúró fún ọjọ́ méje, kí ó tẹ ìlú dó síbẹ̀. Bí a ti tẹ Ọ̀yọ́ dó nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìlú Búsà wọ inú omi, kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú àjèjì ni.

Àwọn àpáta inú odò yìí ti ṣe ìdènà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀ ni Mungo Park, ará Skọ́tílándì, pàdé ikú rẹ̀ ní 1806, nígbà tí ó ń wa ọkọ̀ lọ láti mọ ibi tí odò náà gbé wọ òkun. Clapperton gba Badagry àti Ọ̀yọ́ kọjá, ó sì dé Búsà ní 1826, ó bèèrè bí Park ti kú. Richard Lander tí ó bá a rìn nígbà náà padà wá ní 1830 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Àwọn méjèèjì sì bá odò sọ̀ kalẹ̀ láti Búsà títí wọ́n fi dé òkun, bẹ́ẹ̀ ni àdììtú Odò Ọya ṣe tú fún àwọn ará Yúróòpù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi tí a ń pè ní Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Alùfáà Samuel Ajayi Crowther, tí a kò tíì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà rìnrìn-àjò. Ọkọ̀ olóoru kò lè borí àwọn àpáta wọ̀nyẹn.

Nítorí àwọn àpáta yìí kan náà ni ìjọba méjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí Búsà. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ àpáta lè wa ọkọ̀ dé òkun láìsí ìdíwọ́; ẹni tí ó bá wà lókè wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé gba Búsà ní 1897, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kó ọmọ ogun jọ. Ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 1898 ni ó parí ìjà náà, tí Búsà fi bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí òǹkàwé má gbàgbé èyí: ìlú tí orílẹ̀-èdè ńlá méjì ń dù ní 1898 ni a fi sílẹ̀ fún omi ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó jẹ́ ìdíwọ́ fún ọlọ́kọ̀ ni ó jẹ́ ìṣúra lójú oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Agbára omi wà nínú ìṣubú rẹ̀. Omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ odi gíga dí odò, omi yóò kó jọ lẹ́yìn odi náà, yóò sì ga. Bí a bá wá ṣí ọ̀nà fún un láti gba inú ihò irin sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ipá yí kẹ̀kẹ́ irin ńlá tí a fi sí ẹsẹ̀ odi, kẹ̀kẹ́ náà yóò sì yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná jáde. Omi tí ó ti ṣiṣẹ́ kò sọnù. Inú odò ni ó padà sí. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí pé láti nǹkan bí 1929 ni a ti ń fi omi mú iná wá fún àwọn tí ń wa tánganran ní agbègbè Jos. Ṣùgbọ́n kékeré ni èyíinì. Ní Èkó, níbi tí iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní 1896, èédú ilẹ̀ tí a ń wà ní Enugu ni a fi ń dáná sí ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín rẹ̀ sì ń bo ìhà Ìjọra.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, àwọn aṣáájú rí i pé iná tí ó wà kò lè tó fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Ní 1962 ni a dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìsédò lórí Odò Ọya. Báńkì Àgbáyé àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn yá wa ní owó; ilé-iṣẹ́ Impregilo ti ilẹ̀ Ítálì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964 níbi erékùṣù Kainji. Odi tí wọ́n mọ ga tó nǹkan bí mítà 65. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ni a ti ọ̀nà omi, kí ọdún náà sì tó parí, adágún ti kún, ó gùn tó nǹkan bí 135 kìlómítà, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 30 kìlómítà níbi tí ó gbé fẹ̀ jù. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka èrè rẹ̀, nítorí pé kò tọ́ kí a fi èrè pamọ́ kí a lè sọ̀rọ̀ àdánù. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni a kọ́kọ́ fi síbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè 80 mẹ́gáwáàtì. Lẹ́yìn náà a fi mẹ́rin mìíràn kún un, gbogbo rẹ̀ sì di 760 mẹ́gáwáàtì. Okùn irin ńlá tí ó ru iná náà gba Òṣogbo àti Ìbàdàn kọjá dé Èkó, Òṣogbo sì ni a fi ṣe ibùdó tí a ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Kainji ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí Nàìjíríà ń lò. Ilé ìwòsàn rí iná ṣiṣẹ́ abẹ, ilé-iṣẹ́ aṣọ rí agbára yí ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ rí iná kàwé. Iná náà dé Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger pẹ̀lú. A kò jó èédú nítorí rẹ̀, a kò sì sun epo. Omi tí ó kúrò ní Kainji tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní Jẹ́bà, níbi tí a ṣí ìsédò kejì ní 1985, tí agbára rẹ̀ sì tó 578 mẹ́gáwáàtì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń lo gáàsì ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù lónìí, síbẹ̀ a kò tíì lè yọ Kainji sílẹ̀ nínú ìṣirò wa.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a ka àdánù. Èkíní ni ti àwọn ènìyàn. Ènìyàn tí ó tó 44,000 ni ó ní láti fi ilé àti oko wọn sílẹ̀ kí adágún tó kún. Búsà rì, a sì tẹ Búsà Tuntun dó ní ìhà gúúsù fún àwọn ará rẹ̀ àti fún ọba wọn. Omi bo erékùṣù Fọ́gé, ó sì bo ọ̀pọ̀ abúlé ní ilẹ̀ Yauri. Àwọn kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Gungawa, ìyẹn ni àwọn ará erékùṣù. Iṣẹ́ wọn ni láti pa ẹja, àti láti gbin àlùbọ́sà sí ilẹ̀ tútù tí odò bá fi sílẹ̀ nígbà tí omi bá fà. Kí ni ẹni tí ó ń gbé erékùṣù yóò ṣe ní orí ilẹ̀ gbígbẹ? Ìjọba kọ́ ilé fún wọn, ó sì san owó fún ohun tí wọ́n pàdánù, a kò sì gbọdọ̀ ṣàì sọ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ Akosombo ní ilẹ̀ Gánà kọ́gbọ́n, níbi tí a ti sé Odò Volta ní 1965, tí nǹkan bí 80,000 ènìyàn sì ṣí kúrò ní ibùgbé wọn. Ṣùgbọ́n a lè fi ilé san ilé. A kò lè fi owó san ibojì àwọn baba, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi san ọgbọ́n oko tí ó bá ojú odò kan ṣoṣo mu.

Ìtàn pàápàá wọ inú omi. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí omi dé, àwọn tí ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ yára lọ sí àfonífojì náà, wọ́n sì rí àwọn ère amọ̀ ní Yelwa tí àwọn ènìyàn ti ṣe láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Wọ́n kó ohun tí ọwọ́ wọn tó. Ohun tí ọwọ́ wọn kò tó wà ní ìsàlẹ̀ adágún títí di òní. Ìpaláparun Búsà ni kí àwa tí ń kọ ìtàn ronú sí: ibi tí Park kú sí, àti ibi tí Lander ti wọ ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àdánù kejì bá odò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún lọ́dún ní agbègbè yìí. Ìkún àkọ́kọ́ ń wá láti inú òjò tí ó rọ̀ nítòsí. Ó máa ń dé ní ìgbà òjò, omi rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ìkún funfun. Ìkún kejì ń ti òkè odò wá láti ilẹ̀ Gíní. Ó ń gba inú àwọn irà ńlá ilẹ̀ Málì, níbi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, kì í sì í dé títí òjò tiwa yóò fi dá. Omi rẹ̀ mọ́, èyíinì ni wọ́n ń pè ní ìkún dúdú. Àwọn ará Tápà àti àwọn mìíràn tí ń gbé nísàlẹ̀ odò ti mọ àkókò ìkún wọ̀nyí láti ìrandíran. Omi a kún bo àkùrọ̀, ẹja a wọ inú koríko láti yé ẹyin, ẹrẹ̀ a sì sọ̀ sórí ilẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, wọ́n a gbin ìrẹsì àti ewébẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́ràá náà láìlo ajílẹ̀.

Ìsédò yí ètò yìí padà. Ẹ̀rọ iná fẹ́ kí omi máa ṣàn bákan náà ní gbogbo ọdún. Àkùrọ̀ fẹ́ kí omi kún kí ó sì fà. A kò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn bákan náà, iná ni a sì yàn. Ẹrẹ̀ tí ó yẹ kí ó sọ̀ sórí oko ń sọ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí lẹ́yìn 1968 rí i pé ẹja tí àwọn apẹja ń rí nísàlẹ̀ Kainji dínkù. Nínú adágún fúnra rẹ̀, ẹja pọ̀ gidigidi ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí oúnjẹ tí ó wà nínú ilẹ̀ àti igi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, àwọn apẹja sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ yẹn lọ sílẹ̀.

Àdánù kẹta ni ti ara àti ti afẹ́fẹ́. Omi tí ń fi ipá ṣàn lórí àpáta ni eṣinṣin kéékèèké tí ń fa ìfọ́jú àti inárun ń fẹ́ láti yé ẹyin sí. Nítorí náà, níbi tí adágún bo àpáta, ó lé eṣinṣin yìí kúrò. Ṣùgbọ́n omi jẹ́ẹ́ tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ìṣáwùrú tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn, àwọn ọmọdé tí ń wẹ̀ ní etí adágún ni àrùn náà sì ń kọ́kọ́ mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí a tilẹ̀ ti sọ pé ìsédò kì í rú èéfín, igi àti koríko tí ó jẹrà lábẹ́ omi a máa tú afẹ́fẹ́ jáde tí ń mú ayé gbóná. Nítorí náà, kò yẹ kí a wí pé iná omi kò ní ẹ̀gbin rárá. Ohun tí ó tọ́ láti wí ni pé ẹ̀gbin rẹ̀ kì í hàn sí ojú ẹni tí ń lo iná ní ìlú ńlá.

Ẹ̀kẹrin ni ti ìkún omi òjijì. Nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, tí adágún sì fẹ́ kọjá ààlà, àwọn olùtọ́jú odi kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi lọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1999, omi sì gba ọ̀pọ̀ abúlé àti oko nísàlẹ̀ odò. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sún mọ́ odò ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé ìsédò ti mú kí wọ́n gbàgbé bí odò náà ti ń kún tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí òjò kò bá sì tó, omi adágún a lọ sílẹ̀, iná a dínkù; a jẹ́ pé àwọn ará odò pàdánù, àwọn ará ìlú pẹ̀lú kò sì rí iná.

Bí a bá wá kó gbogbo èyí pọ̀, ohun kan hàn gbangba. Èrè ìsédò ń gba orí okùn irin lọ sí òkèèrè, àdánù rẹ̀ ń bá omi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ abúlé ni okùn náà ré kọjá lókè tí wọn kò sì rí iná kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn tí ó jèrè àti àwọn tí ó pàdánù kò mọ ara wọn. Nítorí náà ó rọrùn fún ẹni tí ó jèrè láti wí pé kò sí àdánù. Ní ọdún 2010 ni orílẹ̀-èdè wa tó ṣe òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí a ti ń fi omi pèsè iná, kí apá kan nínú owó iná lè padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ọdún méjìlélógójì ti kọjá lẹ́yìn tí Búsà rì. Ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí i kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ tí a gbé sẹ́yìn kúrò ní Búsà àtijọ́ ti lè ní ọmọ-ọmọ kí gbèsè náà tó di ohun tí a jẹ́wọ́ nínú òfin.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ti Tápà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ilẹ̀ tiwa, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Abẹ́òkúta, a sé Odò Ọ̀yán, a sì ṣí ìsédò náà ní 1983, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. A fi ẹ̀rọ iná mẹ́ta sí i, 3 mẹ́gáwáàtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Níbẹ̀ pẹ̀lú, abúlé ṣí kúrò; níbẹ̀ pẹ̀lú, àtọ̀sí ajá mú àwọn ọmọdé; àwọn tí ń gbé létí Odò Ògùn títí dé ẹ̀yìn Èkó sì ń kọ ọkàn sókè ní ìgbà òjò, kí a má baà tú omi lé wọn lórí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn lórí Odò Ọya ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa lórí Odò Ọ̀yán.

Ṣé kí a wí nígbà náà pé kò yẹ kí a sé odò mọ́? Èmi kò wí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí kò ní iná tó kò lè kọ ẹ̀bùn odò rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti parí iṣẹ́ òmíràn ní Zungeru lórí Odò Kaduna, tí ó lè pèsè 700 mẹ́gáwáàtì. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a máa ṣe ìṣirò náà láti orísun odò títí dé ẹnu òkun, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ odi nìkan. Kí a bèèrè ṣáájú pé: ta ni yóò ṣí kúrò, níbo ni yóò sì ti rí oko? Ìgbà wo ni a óò tú omi sílẹ̀ fún àkùrọ̀, ta ni yóò sì kìlọ̀ fún àwọn ará ìsàlẹ̀? Èló nínú owó iná ni yóò padà sí etí odò, ní ọdún wo? Bí a bá fi ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ títí odi yóò fi parí, ìdáhùn wọn yóò pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti Búsà ti pẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ fi ibi tí Búsà wà rí han àwọn ọmọ nínú àwòrán ilẹ̀. Ẹ fi okùn iná hàn wọ́n bí ó ti gba Jẹ́bà àti Òṣogbo wá. Kí ẹ sì sọ fún wọn iye ènìyàn tí ó ṣí kúrò ní ọ̀nà omi kí iná tó dé. Àwọn ni yóò pinnu lọ́jọ́ iwájú ibi tí a óò tún gbé sé odò. Ó yẹ kí wọ́n mọ iye tí a san fún ti àkọ́kọ́, àti ẹni tí ó san án.